Ohun tí ojú mi rí nígbà tí a fẹ́ sọ àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́ di ibi tí a ń dáàbò bò

Ní ọdún 2011, nígbà tí mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Kútọnu, mo fi owó tí mo tù jọ fún ọdún méjì ránṣẹ́ sílé ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri ilé bàbá mi tó kọjú sí ojú ọ̀nà. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ilé náà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, àwọn ọ̀mọlé tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn Agùdà, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Brazil, ló mọ ọ́n, kìkì ilẹ̀pa pupa ni ògiri rẹ̀, ó sì nípọn débi pé nígbà tí a wà ní kékeré, a máa ń jókòó sójú fèrèsé, a ó na ẹsẹ̀ wa, a ó sì sùn lọ síbẹ̀. Ara ògiri náà ti ń bó, ẹfun àtijọ́ tí wọ́n fi kùn ún ti ń rẹ̀ dànù, ojú sì máa ń tì mí bí mo bá mú àlejò débẹ̀. Wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún, ó ń dán. Ní ọdún kẹrin, mo fi ìka kan ògiri náà nísàlẹ̀, mo sì gbọ́ ìró kan bí ìró àpótí tó ṣófo. Mo fọwọ́ tì í díẹ̀. Sìmẹ́ńtì náà ṣí kúrò ní odindi bí àwo, ó bọ́ sílẹ̀, ó fọ́. Ohun tí mo rí lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ògiri mọ́. Ó tutù, ó rọ̀, ó ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì.

Ọ̀mọlé àgbà kan ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tí ó yá. Ògiri ilẹ̀pa a máa mu omi, pàápàá láti ìsàlẹ̀, nítorí pé ọ̀rinrin ilẹ̀ a máa gòkè sínú rẹ̀, bí oòrùn bá sì ràn, omi náà a gba ara ògiri jáde. Ẹfun àtijọ́ tí àwọn baba wa fi ń rẹ́ ilé, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní chaux, kì í dí omi náà lọ́nà. Sìmẹ́ńtì ní tirẹ̀ a dí i pa. Omi tó wọlé kò rí ọ̀nà jáde mọ́, ó jókòó sínú ògiri, ó ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́ dé ọjọ́, ojú ògiri a sì máa dán títí di ọjọ́ tí yóò wó. Ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo fi owó ara mi bàjẹ́ báyìí. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹni tó bá ń kà á má ṣe rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kí n tó máa sọ fún àwọn ẹlòmíràn bí wọn yóò ṣe tọ́jú ilé wọn.

Nígbà tí mo fẹ̀yìntì ní 2016, mo padà sí ilé bàbá mi. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi wó ilé tó kọjú sí tiwa. Àwọn ọmọ ẹbí náà ti tà á fún ẹnì kan tí a kò rí rí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóru, bóyá nítorí kí a má baà sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jáde sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife tíì mi lọ́wọ́, mo sì rí ojú ọ̀run ní ibi tí n kò tíì rí i rí. Òdòdó tí wọ́n fi amọ̀ yà sórí ẹnu ọ̀nà ilé náà wà nílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó là sí méjì, àwọn ọmọdé sì ń fi ẹsẹ̀ gbá a kiri. Mo gbé ìdajì kan wọlé. Ó ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi di òní.

Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn mẹ́jọ ni wá: olùkọ́ mẹ́ta tó ti fẹ̀yìntì, gbẹ́nàgbẹ́nà kan, obìnrin méjì tó ń tajà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àti lémọ́ọ̀mù kan. A rò pé ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe ni kí a kàwé, a sì kà á dáadáa. A kà pé ní ìlú Charleston ní Amẹ́ríkà, ní 1931, ìjọba ìlú náà fa ààlà yí àdúgbò àtijọ́ kan ká, ó sì ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ yí ojú ilé rẹ̀ padà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mú àwòrán rẹ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀ kan. A kà nípa òfin tí ilẹ̀ Faransé ṣe ní 1962 fún irú àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀, àti nípa Saint-Louis ní Senegal tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ sínú àkọsílẹ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé ní 2000. A rí i pé orílẹ̀-èdè tiwa náà ní òfin kan tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹjọ 2007 láti dáàbò bo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àti pé láti 1996 ni Bẹ̀nẹ̀ ti fi orúkọ àwọn àdúgbò àtijọ́ Àjàṣẹ́ àti ààfin ọba rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO gẹ́gẹ́ bí ohun tó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ sínú àkọsílẹ̀ náà lọ́jọ́ iwájú. Inú wa dùn. Ó dà bí ẹni pé ọ̀nà ti là, kí a kàn máa rìn lórí rẹ̀ ló kù. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1996 yẹn àti ọjọ́ tí mo dúró pẹ̀lú ife tíì mi lọ́wọ́, mélòó nínú àwọn ilé náà ni katapílà ti gbé lọ? Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ìbéèrè yìí fún wa kí a tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ara wa.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ kó wa sí wàhálà. Patrimoine ni ìwé òfin, tí wọ́n fi èdè Faransé kọ, ń pe irú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bẹ́ẹ̀, èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ èdè ni wọ́n sì ní kí n wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá a mu. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó pé: ÌPÀDÉ LÓRÍ OGÚN ÌLÚ. Ìpàdé náà kún fọ́fọ́. Mo ti ń yọ̀ nínú ara mi nígbà tí Àlàájì kan, ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé, fi ọ̀pá wọn ti ara wọn dìde, wọ́n sì wo pátákó náà fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, Bàbá.

Wọ́n ní, "Ilé tí mo ń gbé, bàbá mi ló kọ́ ọ. Wọ́n kú, a pín ogún wọn, gbogbo wa mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ. Ẹ wá ń sọ pé ogún ìlú ni. Ṣé ìlú náà jẹ́ ọmọ bàbá mi ni?"

Ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ dìde, wọ́n sì bá wọn lọ. Mo lọ́gbẹ́ lọ́kàn, mo tilẹ̀ sọ nílé pé àwọn ènìyàn wa kò fẹ́ ìlọsíwájú. Ó gbà mí tó oṣù kan kí n tó gbà pé Àlàájì ni wọ́n jàre. Níbi tí a bá ti pe ohun kan ní ogún, a ti sọ pé ẹni tó ni ín ti kú, àti pé ó ku kí àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i wá gba ìpín wọn. Ẹnu ara mi ni mo fi pe ìjọba wá síbi ìpín ogún. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ sì sọ ọ́ létí àwọn àgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó kọ ọ́ síbi kankan. Nígbà tí a ó padà ṣe ìpàdé, "ilé onílé, àdúgbò gbogbo wa" ni a kọ. Kò dà bí ọ̀rọ̀ inú ìwé òfin, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dìde lọ. A sì ní kí ẹnì kan máa sọ gbogbo rẹ̀ lédè Ègùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé ìlú tí Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́ tí Ègùn ń pè ní Hogbonu kì í ṣe ìlú tí èdè kan ṣoṣo lè dá sọ̀rọ̀ fún. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, a rò pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò máa túmọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àṣìṣe kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. A fẹ́ ka àwọn ilé, kí a ya fọ́tò wọn, kí a kọ irú ògiri, irú òrùlé àti ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà. Kí a má baà ka ilé kan lẹ́ẹ̀mejì, a fún àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀dà kí wọ́n kọ nọ́ńbà sára ògiri. Ọ̀dà pupa ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tó sún mọ́ wa. Ọdún 2018 ni, kò sì tíì ju ọdún kan ó lé díẹ̀ lọ tí ìjọba tú àwọn ṣọ́ọ̀bù àti àtíbàbà tó wà lójú ọ̀nà kúrò, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ìtumọ̀ ọ̀dà pupa lára ògiri. Kó tó di ọ̀sán, obìnrin kan ti kó bẹ́ẹ̀dì àti àpótí aṣọ rẹ̀ síta, ó jókòó lé wọn lórí láàárín oòrùn, ó ń sunkún, ó ní kí katapílà wá bá òun níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. A fi ẹfun pa gbogbo nọ́ńbà náà rẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹfun tí a lè fi pa ohun tó ti rí. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, bí mo bá kọjá, àwọn kan a ti ilẹ̀kùn. Pátákó kékeré tí a fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí, tí onílé fúnra rẹ̀ dì mú nígbà tí a ya fọ́tò rẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, ni a fi parí iṣẹ́ náà. Ìyẹn tilẹ̀ dára jù, nítorí pé onílé wà nínú àwòrán ilé rẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló tú wa sílẹ̀ nínú òkùnkùn tí a wà. Ó ní bí mo bá wọ ilé ènìyàn, gbogbo ohun tí mo ń béèrè ni ọdún tí wọ́n kọ́ ọ àti orúkọ ẹni tó mọ ọ́n, bí ẹni tó ń bi òkú ní ọ̀rọ̀. Ó ní kí ló dé tí n kò béèrè ibi tó ń jò?

Láti ọjọ́ náà ni a ti pa ìwé ìbéèrè olójú ewé mẹ́rin wa tì. A bá wọn jókòó, a kí ilé, a sì béèrè pé, "Níbo ló ń jò?" Ẹnu wọn kò pa mọ́ mọ́. Wọ́n mú wa gun àkàsọ̀, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò kí a rí ibi tí omi ti jẹ ilẹ̀, wọ́n fi ibi tí ikán gbà wọ inú igi òrùlé hàn wá, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́ ilé náà láìjẹ́ pé a béèrè. Nínú ilé 63 tí a dé, èyí tí kò jò kò tó mẹ́wàá. A wá rí i pé ohun tó ń wó àdúgbò wa kì í ṣe àìmọ ìtàn. Ọ̀pọ̀ wọn mọ ìtàn náà jù wá lọ. Páànù tó ti dípẹtà ni, àti gọ́tà tí kò sí, àti àwọn ajogún tí wọn kò lè fẹnu kò lórí ẹni tí yóò ra páànù tuntun.

Ọ̀rọ̀ ajogún yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé tí a kà kò ti sọ nǹkan kan fún wa. Ní Charleston, ẹni tó ni ilé lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí ìgbìmọ̀ lè kọ lẹ́tà sí. Ní ọ̀dọ̀ wa, bàbá kan kọ́ ilé ní 1920, ó ní ìyàwó mẹ́ta, wọ́n pín ilé náà ní ìdí-igi, ìdí-igi kọ̀ọ̀kan tún pín in fún àwọn ọmọ, àwọn ọmọ bímọ, àwọn kan wà ní Èkó, àwọn kan ní Libreville, àwọn kan ní Paris. Láti ìgbà tí òfin ẹbí ti ọdún 2004 sì ti jáde, ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin lẹ́tọ̀ọ́ sí ìpín kan náà, ohun tí mo fara mọ́ tọkàntọkàn. Ẹni tó ń gbé inú ilé kò lágbára láti tún un ṣe, ẹni tó lágbára kò gbé ibẹ̀, bí ilé náà bá sì bàjẹ́ tán, títà ni ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wọn lè jọ gbà. Ilé tó kọjú sí tiwa kò kú ikú mìíràn.

Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó Ilojo Bar ní Èkó, ilé Agùdà tó ti wà láti nǹkan bí 1855, tí ìjọba sì ti kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Ọgọ́ta ọdún gbáko ni ìkéde náà fi wà lórí ìwé. Bí mo ti ń ronú lé e lórí ni mo ṣe mọ̀ pé bí ìwé ìkéde tí a ń wá fún àdúgbò tiwa bá jáde lọ́la, tí àwọn ajogún kò bá sí lẹ́yìn rẹ̀, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Nítorí náà a dá iṣẹ́ ìwé dúró fún ọdún kan, a sì ń lọ síbi ìpàdé ẹbí, níbi tí wọ́n bá ti pè wá nìkan. A kì í sọ̀rọ̀ òfin níbẹ̀. A ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yan ẹnì kan tí yóò máa dá owó òrùlé jọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo ìdí-igi fọwọ́ sí i, títí kan àwọn tó wà lókè òkun, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ obìnrin kan nínú ẹbí náà. Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí kì í ṣe àbá mi. Àwọn ẹbí fúnra wọn ló sọ pé ìwé tó bá wà lọ́wọ́ obìnrin kì í sọnù.

Mo kàn án nínú ẹbí tèmi náà. Nígbà tí mo ní kí a há sìmẹ́ńtì kúrò lára ògiri bàbá wa, àbúrò mi ọkùnrin kan sọ níwájú gbogbo ẹbí pé kí ni dálémoṣú fẹ́ sọ lórí ilé. N kò dá a lóhùn. Mo wọ yàrá, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí tí mo ń kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ló bá mi pè é. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé ẹni tó bá ń lọ bá ẹbí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ilé gbọ́dọ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń tani lára.

Nígbà tí a padà sídìí ìlànà tí a fẹ́ kí àwọn onílé máa tẹ̀ lé, a ti le jù. A kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ sí fèrèsé alumíníọ̀mù lójú ọ̀nà. Ìyá kan tó ń dín àkàrà ní ẹnu ọ̀nà wa ti san àsansílẹ̀ owó fèrèsé alumíníọ̀mù, nítorí pé ti onígi rẹ̀ ti jẹrà. A ní kí ó dúró kí a fi wá onígi tuntun. A kò rí owó rẹ̀. Òjò oṣù kẹfà dé, ìyá náà sì ta aṣọ ìkélé sójú fèrèsé, ó ń sùn sí igun yàrá kejì. Kò bú wa, ó ṣì ń fi ènì sí àkàrà tí mo bá rà, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè wo ojú rẹ̀. Nígbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà wa tú fèrèsé àtijọ́ náà sílẹ̀, ó rí i pé ìsàlẹ̀ nìkan, ibi tí omi òjò máa ń dúró sí, ló jẹrà. Igi ìrókò tó wà lókè ṣì le bí irin. Ó gé ìsàlẹ̀ náà kúrò, ó lẹ igi tuntun mọ́ ọn, ó sì gé ẹnu rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi má baà dúró níbẹ̀ mọ́. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì owó alumíníọ̀mù. Bí a bá ti kọ́kọ́ tú fèrèsé kan ṣoṣo wò kí a tó ṣòfin fún gbogbo fèrèsé, ìyá náà ì bá má fi òjò kan ṣòfò. Láti ìgbà náà ni a ti gbà pé a kò ní kọ "má ṣe" sílẹ̀ lórí ohunkóhun tí a kò bá tíì rí ọ̀nà mìíràn fún, kí a sì ti dán an wò lára ilé kan, kí a sì mọ iye tó jẹ.

Ìlànà náà wá kéré. A pín ilé sí oríṣi mẹ́ta: àwọn tí a kò fẹ́ kí wọ́n wó rárá, àwọn tí ojú wọn àti òrùlé wọn ló ṣe pàtàkì tí inú wọn sì wà lọ́wọ́ onílé, àti àwọn tí onílé lè tún kọ́ pátápátá, bí kò bá ti ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ, tí kò sì dí ọ̀nà tóóró tí àwọn ènìyàn ń gbà kọjá. A kò sọ nǹkan kan nípa àwọ̀ ọ̀dà. Méjì nínú wa bínú sí èyí, mo sì mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà ṣeé tún kùn, ilé tó bá ti wó kò ṣeé dá padà.

Ní ti ààlà, àwòrán tí a rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni a fi rúlà fa ìlà lé lórí, a tẹ̀ lé àwọn ọ̀nà ńlá mẹ́rin, ó sì tò gẹ́gẹ́ bí àpótí. A gbé e lọ bá bàbá Ègùn kan tí wọ́n ń bójú tó ojúbọ kan ní àdúgbò wa. Wọn kò wo ìwé náà pẹ́. Wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n ní kí a máa tẹ̀ lé àwọn. Òwúrọ̀ odindi ni a fi rìn. Wọn kò gba ojú ọ̀nà ńlá kankan, inú agbo ilé ni wọ́n ń gbà, láti àgbàlá dé àgbàlá, ibi gbogbo tí a dé ni wọ́n ti ń kí wọn ní orúkọ. Níbi tí ìlà wa gbà, ó pín agbo ilé kan sí méjì, yàrá ìyá wà nínú, ilé ìdáná rẹ̀ wà lóde. Pápá tó wà níwájú ojúbọ náà, níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń péjọ, ni a fi sílẹ̀ lóde pátápátá, nítorí pé kò sí ilé níbẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ ọ, wọ́n ní bí a bá tọ́jú gbogbo ilé, tí ẹnì kan sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí pápá yìí, kí ni àwọn ilé náà yóò máa kọjú sí? A ya ìwé náà. Ẹsẹ̀ bàbá náà ni a fi fa èyí tó wà lónìí.

Ìwé gbígbé kiri kò ní ìtàn púpọ̀. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni pé a so ìlànà náà mọ́ ìwé àṣẹ ìkọ́lé tí mẹ́rì, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ń fún ènìyàn, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ẹni tó fẹ́ kọ́lé tàbí tó fẹ́ wólé ti ń pàdé ìjọba kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ìwé náà bá ti jáde tán, ẹjọ́ ló kù, ẹjọ́ kì í sì í gbé ògiri dìde. Ọ́fíìsì kan sọ fáìlì wa nù, a sì tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé a kò tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ lé. Ẹ má ṣe fi ìwé sílẹ̀ níbikíbi láìgba ẹ̀dà olóǹtẹ̀ padà lọ́jọ́ kan náà. Bí a ti ń tún un kọ lọ́wọ́ ni òfin tuntun lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní oṣù kẹwàá 2021, a sì ní láti yí gbogbo ibi tí a ti tọ́ka sí ti 2007 padà. Ó rẹ̀ wá. Ẹni méjì nínú wa ti kú nígbà náà. Ọ̀kan nínú wọn ni lémọ́ọ̀mù, ẹni tó ti mú mi lọ wo mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú wa bí ẹni pé n kò wò ó rí, tí wọ́n sì fi hàn mí bí àwọn ọ̀mọlé Agùdà ṣe fún ilé àdúrà àwọn Mùsùlùmí ní ojú bí ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil, tí kò sì sẹ́ni tó rí ohun tó burú nínú rẹ̀.

Títí di ìsinsìnyí, ẹbí 38 ló ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ìbuwọ́lù tó kẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ ìjọba kò tíì jáde, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sí ilé kan tí wọ́n wó láàárín ààlà tí bàbá Ègùn fi ẹsẹ̀ fà. Àlàájì tó bi mí pé ta ló kú kò fọwọ́ sí i. Wọ́n ní àwọn kò ní fọwọ́ síwèé lórí ilé bàbá àwọn láéláé, mo sì ti dẹ́kun bíbẹ̀ wọ́n. Wọ́n rán ọmọ ọmọ wọn wá ní oṣù tó kọjá láti yá àkàsọ̀ wa, nítorí pé páànù kan ti ṣí lórí òrùlé wọn, wọ́n sì ní kí n bá àwọn béèrè lọ́wọ́ ọ̀mọlé bí sìmẹ́ńtì tó wà lára ògiri àwọn ṣe ṣeé há kúrò láìba amọ̀ abẹ́ rẹ̀ jẹ́. Mo mú un dé ilé wa, mo fi ibi tí a ti há tiwa hàn án. Láti ìsàlẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, a fi amọ̀ ilẹ̀pa tí a gún mọ́ koríko dí ihò rẹ̀, a jẹ́ kí ó gbẹ fún oṣù méjì gbáko kí a tó fi ẹfun rẹ́ ẹ. Ọmọ náà fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ògiri náà, ó ní ó gbẹ.